Keshi gbé ife wálé, wọ́n ṣì fẹ́ lé e

Kò sí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Èmùré, tí kò mọ Stephen Keshi, ‘Big Boss’. Lọ́dún 1994, òun ni balógun Super Eagles tó gba ife Áfíríkà ní Tùnísíà. Nígbà tó di kóòṣì, ó mú Tógò wọ ìdíje ife àgbáyé 2006, àmọ́ Otto Pfister ni wọ́n gbé ìdíje náà lé lọ́wọ́. Keshi ro oko, ẹlòmíì kórè!

Ní February 10, 2013, ó gba ife Áfíríkà fún Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì. Aráàlú ń jó, àfi bó ṣe kéde lọ́jọ́ kejì pé òun fiṣẹ́ sílẹ̀, pé àwọn ọ̀gá ti fẹ́ lé òun kí ìdíje tó parí. Wọ́n pàrọwà kó tó yí ọkàn padà.

Ní June 2016 tó kú, gbogbo ẹnu ló ń yìn ín. Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.