Iṣẹ́ Kan Àbí Iṣẹ́ Mẹ́fà?

 

Àbúrò mi obìnrin ló gbé ọ̀rọ̀ kan wá bá mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde yunifásítì, kò rí iṣẹ́ tó wù ú, ló bá ń ṣe gbogbo ohun tó bá yọjú. Ó ń ya fọ́tò níbi ìnáwó, ó ń gé fídíò, ó ń bá àwọn oníṣòwò kọ ọ̀rọ̀ sórí Instagram, ó tún ń ta aṣọ. Ìyá rẹ̀ ní, "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo." N ò tíì lanu tí ọmọ náà fi fèsì: "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ọ̀nà kan ò wọjà?"

Òwe méjèèjì, òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ò sì ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, torí ohun tí ọmọ náà máa jẹ là ń sọ yìí.

Ojú Ẹlẹ́gbà níbí tí mò ń gbé, ojúbọ Ẹlẹ́gbà ló sọ ibẹ̀ lórúkọ, oríta gidi sì ni: ọkọ̀ ń lọ Yábàá, ó ń lọ Múṣin, ó ń lọ Lawanson. Ìyà lè jẹ ẹni tó mọ ohun kan ṣoṣo ní irú ibẹ̀. Ẹ rántí 2001 tí GSM dé. Kò pẹ́ tí agboòrùn fi kún ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn èèyàn jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ta ìpè fún ẹni tí kò ní fóònù. Nígbà tí kálukú ra tirẹ̀, iṣẹ́ yẹn kú. Ẹni tó ti fi ojú kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe rí nǹkan dì mú. Ẹni tó jẹ́ pé ìpè nìkan ló mọ̀ ọ́n tà, ńṣe ló ká agboòrùn rẹ̀ lọ sílé. Ibi tí ọmọ náà ti jàre nìyẹn. (Ẹ má sọ fún mi pé Ẹlẹ́gbà fúnra rẹ̀ mọ gbogbo ọ̀nà o. Òun ló ni oríta. Àwa ń kọjá níbẹ̀ ni.)

Ṣùgbọ́n mo ní kó jẹ́ ká rìn díẹ̀ sí ìhà Ìdí-Òro, níbi tí Shrine Fẹlá wà ní Empire Hotel láyé ọjọ́un. Fẹlá ni gbogbo èèyàn máa ń tọ́ka sí pé ó mọ gbogbo rẹ̀: ó ń fọn fèrè, ó ń tẹ dùùrù, ó ń kọrin, ó ń darí ẹgbẹ́, ó tún ń bá ìjọba fà á. Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ná. Ní 1958 ni wọ́n rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Trinity College of Music ló gbà lọ, tùǹpẹ́ẹ̀tì ló sì dì mú. Ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ní 1973, tí Igo Chico tó ń fọn sasofóònù fún un fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, Fẹlá kọ́ sasofóònù fúnra rẹ̀. Ẹni tí èémí rẹ̀ ti mọ fèrè kan ló lè fò sórí òmíràn bẹ́ẹ̀.

Tony Allen tó ń lùlù fún un ńkọ́? Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1940. Iṣẹ́ ẹ̀rọ rédíò ló ń ṣe kó tó mú ọ̀pá ìlù, kò sì lọ ilé ìwé ìlù kankan. Ìlù ni iṣẹ́ rẹ̀ láti 1964 tó ti bá Fẹlá títí di 1979. Ṣùgbọ́n inú ìlù kan ṣoṣo yẹn ló da háíláìfù, jáàsì irú ti Max Roach àti Art Blakey, àti ìlù ilé wa pọ̀ sí. Ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ tẹnu rẹ̀.

Èyí ò lè ṣàjèjì sí wa nílé yìí. Ọmọ Àyàn kì í fi ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìlù kékeré ló máa kọ́kọ́ lù títí etí rẹ̀ á fi mọ iṣẹ́ gbogbo wọn. Ọmọ awo náà ò lè ní Ọ̀bàrà Méjì nìkan lòun fẹ́ mọ̀. Ojú odù 16 ló kọ́kọ́ máa dì mú, kó tó wọ inú 240 tó kù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹlòmíì máa wá lọ bá awo mìíràn kọ́ ìṣègùn tàbí ẹ̀ka kan pàtó.

N ò ní parọ́ fún ọmọ náà ṣá. Tony lo ọdún 15 níbi tí orúkọ Fẹlá ti wà lójú rẹ́kọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ owó sì wà lára ohun tó lé e kúrò. Ẹni tó mọ ohun kan jinlẹ̀ lè máa pawó fún ẹlòmíì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ, iṣẹ́ rẹ̀ bá a lọ. Ó fi Parísì ṣe ilé, ìlù yẹn náà ló sì ń bọ́ ọ títí tó fi kú níbẹ̀ ní 2020.

Ẹ wá wo ìpolówó iṣẹ́ lÈkó lónìí: ẹni tó lè ya fọ́tò, tó lè gé fídíò, tó lè kọ̀wé, tó lè bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́rin, owó oṣù ẹnì kan. Lójú tèmi, ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wá torí pé ó rọrùn láti fi ẹlòmíì rọ́pò.

Mo bi ọmọ náà pé, "Nínú gbogbo nǹkan tó ò ń ṣe, èwo ni ẹni tí ò mọ̀ ẹ́ rí tìtorí ẹ̀ wá ẹ wá?" Ó ronú. "Fídíò gígé ni, Bàbá." "Ẹ̀ẹ̀mélòó?" "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

Mo ní kó fún fídíò ní ọdún méjì gbáko lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Kó má ju kámẹ́rà sílẹ̀, torí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ló máa mọ ibi tó yẹ kó gé. Aṣọ títà, kó dá a padà fún ìyá rẹ̀.

Ó ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Sùúrùlérè báyìí. Ọ̀gá ọ̀hún ní òun ò ní san kọ́bọ̀ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìyá ọmọ sì ń bínú sí mi. Owó ọkọ̀ rẹ̀, èmi ni mò ń san án.