Kẹ́místírì Kì Í Ṣe Ẹ̀kọ́ Àfetígbọ́

Ó ṣeé ṣe ní Nàìjíríà lónìí kí ọmọ kan gba oyè àkọ́kọ́ nínú kẹ́místírì láì dá titration kan, iṣẹ́ láàbù tí wọ́n fi ń wọn iye kẹ́míkà tó wà nínú omi, ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí. Ẹ jẹ́ ká tọ ipa ọ̀nà tó máa gbà. Bó bá jẹ́ WAEC ti àwọn tí kò sí nílé ìwé ló ṣe, ìbéèrè orí ìwé ni wọ́n fi rọ́pò iṣẹ́ láàbù fún un. Ìdánwò JAMB tó tẹ̀ lé e, orí kọ̀ǹpútà ló ti ṣe é, A, B, C tàbí D ló sì ń yàn. Nígbà tó wọ yunifásítì, ó bá ara rẹ̀ nínú kíláàsì ọdún kìn-ín-ní pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ di dókítà, àwọn tó fẹ́ po oògùn, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ àti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn, nítorí gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ ṣe kẹ́místírì. Tó bá di ọjọ́ láàbù, àwọn mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá á pé lé bùrẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lórí. Ẹni tó láyà jù láàárín wọn á máa fi í ṣe titration, ẹnì kan á máa kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn yòókù á máa wo ẹ̀yìn orí ẹni tó wà níwájú wọn, tó bá yá, gbogbo wọn á da èsì kan náà kọ. Èyí tí kò bá bára mu, wọ́n á sè é kó bára mu. Ọdún mẹ́rin á sì lọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni kẹ́místírì kó tó di ìmọ̀ orí ìwé, oyè tí kò bá sì wọn ohun tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe, oyè nǹkan mìíràn ni. Kò yẹ kí yunifásítì kankan gba akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́místírì ju iye tí tábìlì láàbù rẹ̀ lè gbà lọ. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kọjá ọdún kejì láìjẹ́ pé òun nìkan dúró sídìí iṣẹ́, tí a gbé ohun tí kò mọ̀ fún un, tó sì fi ẹ̀rí sọ fún wa ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó.

Ìtàn ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ gbè mí lẹ́sẹ̀. Láyé àtijọ́, olùkọ́ ló sábà máa ń dúró níwájú tí á máa ṣe àṣehàn, akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó, á máa wò ó, á máa kọ̀wé. Ní 1824 ni Justus von Liebig, ọmọ ọdún 21, dé Giessen, ìlú kékeré kan ní Jámánì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ láàbù di ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Kì í ṣe owó ló mú kó ṣeé ṣe. Ní 1831, ó ṣe ohun èlò gíláàsì kan tó wú róbótó lójú márùn-ún, tí wọ́n ń rọ omi potassium hydroxide sí. Carbon dioxide tó bá jáde lára ohun tí wọ́n jó á kó sínú omi náà, wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n á sì mọ iye carbon tó wà nínú ohun náà. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé àwọn àgbà onímọ̀ nìkan ló ń dáwọ́ lé tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí Giessen láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. August Wilhelm Hofmann, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Liebig, ni wọ́n pè lọ sí London ní 1845 láti darí Royal College of Chemistry. Abẹ́ Hofmann ni William Henry Perkin wà ní 1856, ọmọ ọdún 18, nígbà tó ń gbìyànjú nílé, lásìkò ìsinmi Àjíǹde, láti ṣe kuníìnì, oògùn ibà tí àwọn òyìnbó tó ń bọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà ń wá lójú méjèèjì. Kuníìnì kò jáde. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú kan ló kù nínú ìgò, èyí tí ẹlòmíràn ì bá dà nù. Perkin fi ọtí fọ̀ ọ́, ó rí àwọ̀ àlùkò tó ń dán, ó dán an wò lára aṣọ, kò ṣí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá aró àtọwọ́dá ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwé kankan tó sọ fún ọmọ náà pé àwọ̀ yóò wà níbẹ̀. Ojú tó ti mọ́ra pẹ̀lú ìgò àti iná ló fi mọ̀ pé ohun tó wà níwájú òun yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní 2008, oògùn olómi kan tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń hu eyín bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n ní Nàìjíríà. Àwọn tó bá a lọ tó 84. Diethylene glycol ló wọ inú oògùn náà níbi tó yẹ kí propylene glycol wà. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́, èkejì ni àwọn apoògùn ń lò láti fi yọ́ oògùn. Omi tó mọ́ gaara ni méjèèjì, wọ́n ki díẹ̀, wọ́n dùn lẹ́nu, ojú lásán kò lè yà wọ́n. Májèlé yìí kan náà ti pa àwọn ọmọdé nílẹ̀ wa ní 1990 nínú paracetamol olómi, ó sì wà nínú oògùn ikọ́ tí ọmọdé tó lé ní 60 mu kú ní Gambia ní 2022. Àyẹ̀wò tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kì í ṣe awo. A ó kán èyí tó dá wa lójú àti èyí tí a ń fura sí sórí abala pẹlẹbẹ kan, a ó jẹ́ kí omi gòkè lára rẹ̀, a ó wo ibi tí kálukú wọn dúró sí. Ẹni tó gba oyè àkọ́kọ́ nínú kẹ́místírì yẹ kó lè ṣe é láìpe ẹnikẹ́ni. N kò sọ pé àìmọṣẹ́ nìkan ló pa àwọn ọmọ náà, ojúkòkòrò àti àìbìkítà wà níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó gba ẹni tí kò ṣe àyẹ̀wò yìí rí kò sàn púpọ̀ ju èyí tí kò gba ẹnikẹ́ni lọ. Bákan náà ni ti Zamfara ní 2010, níbi tí òjé inú eruku àwọn tó ń lọ òkúta wúrà ti pa ọmọdé tó lé ní 400. A kì í fojú rí òjé nínú eruku, wíwọ̀n ni a ń wọ̀n ọ́n.

Mo mọ ohun tí àwọn olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ máa kọ́kọ́ fọ̀: owó dà? Òótọ́ ni. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ kẹ́míkà ti ń wá, dọ́là la fi ń rà á, náírà sì ti já wálẹ̀ gan-an. Iná kò dúró ojú kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bowdoin College, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Èéfín kẹ́míkà pọ̀ jù nínú láàbù wọn, owó tí wọ́n fẹ́ gbà láti tún ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣe sì ga kọjá ohun tó rọrùn fún wọn. Dana Mayo àti Samuel Butcher, olùkọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú Ronald Pike tó wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, kò torí bẹ́ẹ̀ ti láàbù pa. Ìwọ̀n kẹ́míkà ni wọ́n dín kù, débi pé ohun tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ gíráàmù ṣe tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń fi mílígíráàmù ṣe. Èéfín dín kù, ìnáwó dín kù, àkókò tí iṣẹ́ ń gbà náà dín kù. Nílẹ̀ Áfíríkà níbí, yunifásítì Witwatersrand ní South Africa ṣe àpótí onírọ́bà kékeré tó ní ihò wẹ́wẹ́ àti síríńjì, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan lè fi ṣe iṣẹ́ láàbù lórí tábìlì tirẹ̀, UNESCO sì gbé e dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Owó bùrẹ́ẹ̀tì ńlá kan tí àwọn mẹ́wàá ń yí ká lè ra síríńjì tó máa kárí gbogbo wọn.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun èlò ló gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òkun wá. Omi kànga ìlú wà fún ẹni tó fẹ́ wọn bó ṣe le tó, ọsàn wà fún ẹni tó fẹ́ wọn vitamin C, epo pupa wà fún ẹni tó fẹ́ se ọṣẹ. Èyí tó wù mí jù ni aró. Aláró Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo á gún ewé ẹ̀lú, á sá a, á wá fi omi eérú rẹ ẹ́ nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan títí tí yóò fi tó lò. Aṣọ tó bá ti inú ìkòkò náà jáde kì í kọ́kọ́ dúdú, àwọ̀ ewéko tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ló ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Ohun tí olùkọ́ ń kọ sára pátákó pé ó jẹ́ reduction àti oxidation gan-an nìyẹn, kòkòrò àìfojúrí inú ìkòkò ló ń ṣe apá kan rẹ̀, afẹ́fẹ́ ṣe ìyókù. Onímọ̀ kẹ́místírì Adolf von Baeyer lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí aró yìí kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó ní láàbù, ilé iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1897, wọ́n sì fún Baeyer ní ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Mélòó nínú àwọn ẹ̀ka kẹ́místírì tó wà ní ilẹ̀ Yorùbá ló ní ìkòkò aró nínú láàbù ọdún kejì? Ewé ẹ̀lú àti eérú kò tó owó fọ́tòkọ́pì ìwé kan.

Àwọn mìíràn ní kí a fi kọ̀ǹpútà ṣe é, pé fídíò ti wà, pé a rí i ní 2020 nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Fídíò wúlò kí ọmọ tó wọ láàbù, ó lè fi í mọ bí wọ́n ṣe ń di ìgò mú àti ohun tó lè bú gbàù. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ní láàbù ju ohunkóhun lọ. Inú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ máa ń yí padà lásìkò tó yẹ, ìwọ̀n kì í gbọ̀n, kò sẹ́ni tó fọ ìgò láìmọ́. Ọmọ tó bá ṣe titration lẹ́ẹ̀mẹta tí iye mẹ́ta náà sì jìnnà síra gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé afẹ́fẹ́ wà lẹ́nu bùrẹ́ẹ̀tì ni, ṣé mo kọjá àlà ni, àbí kẹ́míkà yìí ti fa omi? Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ onímọ̀ kẹ́místírì. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá tó ń se èsì ti sá fún un pátápátá, kọ̀ǹpútà sì gbé e kúrò nílẹ̀ kó tó yọjú.

Bẹ́ẹ̀ ni mi ò gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá oyè àkọ́kọ́ kéré sí iṣẹ́ gidi. Yunifásítì DePauw ní ìpínlẹ̀ Indiana kò tóbi, àwọn tó ń wá oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ń kọ́ níbẹ̀, àsìkò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ sì ni àwọn ọdún 1930. Ibẹ̀ ni Percy Julian, onímọ̀ kẹ́místírì aláwọ̀ dúdú tí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti dí lọ́nà káàkiri, ti fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ọmọ iṣẹ́ nínú ìwádìí rẹ̀. Ní 1935, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Josef Pikl to physostigmine ní láàbù náà látòkèdélẹ̀, oògùn tí wọ́n ń fi tọ́jú glaucoma nígbà náà, àrùn tó ń fọ́ni lójú. Robert Robinson ti Oxford, tí òkìkí rẹ̀ kàn gbogbo ayé, ń lé ohun kan náà, Julian sì fi hàn pé ọ̀nà tí Robinson gbà kò tọ̀nà. Ara ẹ̀wà Calabar, èso májèlé tí àwọn Efik fi ń dá ẹjọ́ ajẹ́, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí oògùn náà. Ẹ̀wà ilẹ̀ wa ni.

Àtakò tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti ọmọ tí a kò ní gbà. Ẹ̀ka kẹ́místírì ni ọ̀pọ̀ tí Medicine àti Pharmacy kò gbà ń rí wọ̀, tí a bá sì ní iye tábìlì ni a ó fi gbà wọ́n, àwọn kan yóò padà sílé. Ó dùn mí, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ó yẹ ká kọ́kọ́ gbìyànjú ohun gbogbo: kí láàbù ṣí lálẹ́ àti ní Sátidé, kí a gba tẹkinọ́lọ́jíìsì sí i, nítorí àwọn ni wọ́n ń mú láàbù dúró tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ wọn. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bá gùn, bíi ti oṣù mẹ́jọ ní 2022, kí a má fi ọjọ́ láàbù san gbèsè àkókò. Tí a bá ṣe gbogbo ìyẹn tí àyè kò tún tó, ká dín wọn kù. Ọmọ tí a gbà tí a kò kọ́, a ti gba ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ àti owó lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Àwọn tó ní ọ̀pọ̀ wọn máa lọ ṣiṣẹ́ ní báńkì ṣáá sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí wọn kò mọ èyí tó máa lọ sí báńkì àti èyí tó máa lọ sí ilé iṣẹ́ oògùn.

Kò dìgbà tí Abuja bá sọ̀rọ̀. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ CCMAS tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ṣe ohun tó bá rí pé ó yẹ. Ẹ̀ka tó bá fẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀: ọjọ́ kan fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́fà, ìgò kan tí kò ní orúkọ lára, tábìlì kan tí òun nìkan dúró tì. Tẹkinọ́lọ́jíìsì ló máa po ohun inú ìgò náà, òun nìkan ló sì mọ iye tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí iye rẹ̀ bá jìnnà á padà wá lọ́sẹ̀ kejì, a ó sì fún un ní ìgò mìíràn.