Sóyà gbówó lórí ní Chicago, ṣé ó wá yẹ ká kó owó ẹgbẹ́ lé e?

 Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó dé.

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ti ń pín ìròyìn kan kiri orí fóònù pé sóyà ti gbówó lórí ní Chicago. Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ 30 oṣù October 2025, Trump, ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Xi Jinping, olórí ilẹ̀ Ṣáínà, pàdé ní Busan ní South Korea. Lẹ́yìn ìpàdé yẹn, ìjọba Amẹ́ríkà ní Ṣáínà ti gbà láti ra sóyà tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 12 kí ọdún 2025 tó parí, kí wọ́n sì máa ra mílíọ̀nù 25 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta. Ọjà Chicago gbọ́, ó fò sókè. Kíá, àwọn kan nínú wa ti ní kí ẹgbẹ́ kó owó inú àpótí jáde, ká fi ra sóyà ní Dawanau nísinsìnyí tí ìkórè ń lọ lọ́wọ́, ká tọ́jú ẹ̀ di oṣù June, ká wá pín èrè.

Àwa tá a ti pẹ́ nídìí ọkà ò sọ pé kí ẹgbẹ́ má ṣòwò o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí iṣẹ́ tí owó yẹn ń ṣe. Òun la fi ń gbé òkú wa lọ sílé. Òun la fi ń san owó ọsibítù fún ẹni tí kò ní ará nítòsí. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan bá jóná, òun la fi ń gbé e dìde. Ẹni tó wà nílé lè sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Àwa tá a wà níbí, ẹgbẹ́ ni ẹ̀gbọ́n wa.

Ẹ ò sì tíì gbàgbé èṣí, àbí? Àwọn tó ra ọkà pamọ́ lọ́dún 2023 jèrè gidi ní 2024. Ojú gbogbo wa rí i, ọ̀fun gbogbo wa sì dá tòló. Bí ìkórè 2024 ṣe dé, àwa náà kówó alájẹṣẹ́kù, a ra àgbàdo àti sóyà, a tò wọ́n dé òrùlé. A ní tó bá di ìgbà òjò, ọkà á wọ́n, ọjà á lọ. 2025 wọlé, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í já. A ní yóò padà lọ sókè, ó tún já. Gbogbo wa la tọ́jú, gbogbo wa la tún fẹ́ tà pa pọ̀. Àwọn dìlálì tó ń pè wá lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ ò gbé ìpè wa mọ́. Ẹnì kan nínú wa ní láti ta mọ́tò akẹ́rù ẹ̀ kó tó rí owó alájẹṣẹ́kù dá padà. Ẹlòmíì ṣì ń san án di bá a ṣe ń wí yìí. Ẹ̀kọ́ yẹn wọ́n wa gan-an, kò yẹ ká tún un rà lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí Chicago yìí jẹ́, torí ọ̀pọ̀ wa ń pè é lọ́jà bíi pé àpò sóyà ló wà nílẹ̀ níbẹ̀ bí ó ṣe wà ní Dawanau. Láti ọdún 1848 ni wọ́n ti dá ọjà náà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni àdéhùn: pé lóṣù báyìí, màá fún ẹ ní sóyà báyìí, ní iye tá a dá lónìí. Àwọn ìyá wa mọ irú ẹ̀. Ẹni tó lọ ra ọsàn lórí igi kó tó pọ́n, kí ni òun náà ṣe? Ó sanwó, ó ń wojú òjò, ó ń wojú ìjì. Àdéhùn sóyà kan ní Chicago jẹ́ búṣẹ́lì 5,000. Tá a bá fi àpò kílò 100 tiwa wọ̀n ọ́n, ó tó bí àpò 1,360. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà tó ń tà níbẹ̀ ò ní fojú kan hóró sóyà kan, wọ́n á ti ta àdéhùn náà fún ẹlòmíì kí oṣù ẹ̀ tó pé. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti jáde lẹ́nu ààrẹ, iye á yí. Bí ìjọba Amẹ́ríkà bá gbé ìròyìn oko jáde, tí wọ́n máa ń gbé jáde ní gbogbo ọjọ́ Ajé nígbà tí nǹkan bá wà lóko, iye á yí. Òjò kan ṣoṣo ní Iowa lè mú un wálẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí ọlọ́jà. Búṣẹ́lì sóyà kan jẹ́ kílò 27 àti díẹ̀. Àpò kílò 100 jẹ́ búṣẹ́lì 3.67. Ká ní búṣẹ́lì kan jẹ́ dọ́là 10, àpò kan jẹ́ dọ́là 36.70. Ká ní dọ́là kan jẹ́ N1,500, àpò náà jẹ́ nǹkan bí N55,000. Ó dáa. Ká wá ní Chicago lọ sókè di dọ́là 10.50, inú gbogbo èèyàn ń dùn, wọ́n ń pín in lórí fóònù. Ṣùgbọ́n lóṣù yẹn kan náà, náírà lágbára díẹ̀, dọ́là di N1,400. Ẹ ṣírò ẹ̀: àpò náà ò pé N54,000. Chicago gòkè, owó tiwa sì dín kù! Bẹ́ẹ̀ a ò tíì yọ owó ọkọ̀ láti Kánò dé Èkó, owó àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, owó fífẹ́ àti ṣíṣà, àti owó ọjọ́ tí kọ̀ǹténà fi jókòó ní Apapa.

Ohun kejì ni pé ìròyìn ti Busan yìí ò sọ pé àwọn ará Ṣáínà máa jẹ sóyà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ń bá Amẹ́ríkà jà lọ́dún 2025, ọ̀dọ̀ Brazil ni wọ́n ti ń rà jù. Lẹ́yìn ìpàdé náà, wọ́n fẹ́ padà sọ́dọ̀ Amẹ́ríkà. Tí oníbàárà bá kúrò ní ìsọ̀ kan tó bọ́ sí ìsọ̀ kejì, inú ẹni kejì á dùn, ṣùgbọ́n ọjà tó wà lórí àtẹ ò dín kù. Brazil ló ń gbin sóyà jù láyé báyìí, àárín oṣù January sí April sì ni wọ́n máa ń kórè ẹ̀ jù. Ẹni tó bá tọ́jú sóyà di June, kó mọ̀ pé sóyà tuntun ti Brazil á ti wà lórí omi kó tó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rù ẹ̀.

Ìkẹta, níbo gan-an ni sóyà Dawanau ń lọ? Díẹ̀ ń lọ sókè òkun, èyí tó pọ̀ jù ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fún òróró àti àwọn tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ, níbí àti ní ìhà ilé wa, Ìbàdàn àti Ògùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí sóyà máa jẹ́ lóṣù June, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń sin adìyẹ n'Íbàdàn kó tó béèrè lọ́wọ́ Chicago. Bí àwọn èèyàn ò bá rówó ra ẹyin, tí àwọn olùsìn adìyẹ ń ti ilé adìyẹ wọn pa, ta ló máa ra sóyà yín lọ́wọ́n? Àwa tá a ní àbúrò nínú iṣẹ́ yẹn nílé, ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n. Ìpè ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn wúlò ju fídíò Chicago mẹ́wàá lọ.

Ìkẹrin ni ìjọba. Ní July 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé fún 150 ọjọ́, àwọn ò ní gba owó bodè lórí àgbàdo, ìrẹsì tí wọn ò tíì bó tán, àlìkámà àti ẹ̀wà. Tálákà fẹ́ jẹun, a ò lè bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìkéde yẹn nìkan ti tó láti ba ọlọ́jà tó ní ọkà nílẹ̀ lọ́kàn jẹ́. Lọ́dún 2025 náà, lọ́jọ́ 26 oṣù August, wọ́n fòfin de kíkó èso òrí tútù lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà, wọ́n ní ká máa fún òrí ẹ̀ nílé ká tó tà á. Èrò tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kó èso òrí jọ pelemọ ní ìpínlẹ̀ Niger, tó ń dúró de oníbàárà òkè òkun, kí ló fẹ́ ṣe? Ọjọ́ kan ni ilẹ̀kùn fi tì. Kò sí ìròyìn Chicago tó lè sọ irú ẹ̀ fún wa tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wa á sọ pé ẹ̀rù ló ń ba àwọn àgbà, pé ridi làwọn fẹ́ ká rà tó bá jẹ́ sóyà là ń bẹ̀rù. Òótọ́ ni pé ridi, tí àwọn àgbà wa ń pè ní yànmọ̀tí, ń lọ sí Ṣáínà, Japan àti Turkey dáadáa. Ṣùgbọ́n Chicago ò ta ridi, ẹ ò lè fi fóònù wo iye ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ogun ilẹ̀ Sudan, tí àwọn náà ń gbin ridi púpọ̀, ń da ọjà yẹn rú láti April 2023. Àwọn oníbàárà yẹn sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọ́n bá rí oògùn kòkòrò nínú ẹ̀, wọ́n á dá a padà. Ẹ rántí ẹ̀wà wa tí European Union fòfin dè ní 2015 torí oògùn apakòkòrò. A mọ àwọn tó ń da oògùn yẹn sórí ẹ̀wà tààrà, a sì mọ̀ pé kì í ṣe àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ló ń jẹ májèlé náà. Àwa àti àwọn ọmọ wa la kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́.

Síbẹ̀, ká má parọ́, àwọn ọ̀dọ́ náà ní ẹ̀tọ́ kan. Àwa àgbà ti pẹ́ jù tá a ń sọ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè òkun ò kàn wá. Nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine ní February 2022 tí àlìkámà gbówó lórí ní Chicago, a ò fiyè sí i títí búrẹ́dì fi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà wa. Torí náà, kí wọ́n máa ka ìròyìn náà fún wa. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ka ti Chicago, kí wọ́n ka mẹ́ta mìíì mọ́ ọn: iye dọ́là, iye tí wọ́n tà á ní Dawanau láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àti iye tí àwọn olóúnjẹ adìyẹ ń rà á n'Íbàdàn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn pa pọ̀ ni ìròyìn. Ẹyọ kan ṣoṣo, àròsọ ni.

Tí ẹgbẹ́ bá wá pinnu pé a ṣì máa rà, ohun tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé.

Kí a má ṣe fọwọ́ kan ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó ẹgbẹ́. Èyí tó kù, kó dúró fún òkú, àìsàn àti iná.

Kí ẹnikẹ́ni má yá owó eléèlé kún un. Èlé kì í sùn, ọkà ló ń sùn nínú ilé ìkẹ́rù.

Kí a má ṣe dúró de June pẹ̀lú gbogbo ẹ̀. Ká ta apá kan ní January, apá kan ní March, ká fi èyí tó kù dúró. Ẹni tó bá tà díẹ̀díẹ̀ lè má jẹ èrè tó ga jù, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ lérán bíi tèṣí.

Kí a sá a gbẹ dáadáa, ká fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, ká má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ká lo àpò PICS tó ní ọ̀rá méjì nínú, tí kòkòrò ò fi ní rí afẹ́fẹ́ mí. Kò sí oògùn, kò sí májèlé.

Kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rù gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, lọ́wọ́ ẹni méjì tí kì í ṣe ìdílé kan náà. Lóṣooṣù, kí akọ̀wé kọ iye àpò tó kù àti iye tá a tà síbí, kí gbogbo wa rí i, títí kan àwọn opó tó ń dáwó pẹ̀lú wa.

A ò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti fi ta ko ẹnikẹ́ni. A kọ ọ́ torí pé àwa la jókòó nínú ilé ìkẹ́rù èṣí, tá à ń wo àgbàdo tí kòkòrò ń lù, tá à ń ronú ohun tá a máa sọ fún àwọn tó fowó wọn lé wa lọ́wọ́. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èrò tó yàtọ̀, ẹ kọ ọ́ síbí, àgàgà ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kaduna, Minna àti Jos. Èló lẹ̀ ń ra sóyà lọ́dọ̀ yín? Ẹ jẹ́ ká mọ̀ kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ọjà á tà wá o.