Ẹ Jẹ́ Ká Ṣírò Oúnjẹ Wa Bí A Ṣe Ń Ṣírò Owó Ọjà

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ gbígbá. Ọ̀rọ̀ ara wa ni. Púpọ̀ nínú wa ni dókítà ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, tàbí pé ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, pé kí wọ́n lọ dín sísanra kù. Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọn kì í sábà sọ bí a ó ṣe ṣe é. Bí a bá wá dé ọjà, ẹni tó ń kiri àgbo tó ń mú ikùn wálẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pàdé wa. Ó ní ọjọ́ méje péré ni. Àwa náà á sì sanwó.

A ti rí ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọ̀kan nínú wa mu irú àgbo bẹ́ẹ̀, inú ń ṣí i, kò sì jẹun gidi fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, òyì kọ́ ọ, ó ṣubú sídìí àtẹ rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tí ìsọ̀ wọn wà nítòsí. Kílò tó ní òun dín kù, omi ara ni, kì í ṣe ọ̀rá. Bó ṣe mumi tó jẹun, gbogbo ẹ̀ ló padà. Ẹni tó bá wá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí omi gbẹ lára rẹ̀ báyẹn, ewu ńlá ni.

Ohun tí àwa ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ fúyẹ́, kó fi ìṣirò ṣe é, díẹ̀díẹ̀. Ta ló mọ ìṣirò tó ọlọ́jà? Gbogbo wa la mọ kóńgò. Kálórì ni kóńgò tí wọ́n fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ. Ohun tí a jẹ ni owó tó wọlé. Ohun tí ara fi mí, tó fi rìn, tó fi ru ẹrù, ni owó tó jáde. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ara á fi dá àjọ ọ̀rá. Bí a bá fẹ́ kó àjọ yẹn, àfi kí ohun tó ń jáde ju èyí tó ń wọlé lọ.

Wọ́n máa ń fi 2,000 kálórì lójúmọ́ ṣe òdiwọ̀n fún obìnrin. Ẹni tó tóbi, tó ń ru ẹrù, lè ná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti dàgbà, tó jókòó sídìí àtẹ látàárọ̀ dalẹ́, lè má ná tó bẹ́ẹ̀. Ká fi 2,000 ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá yọ 500 kúrò, ó ku 1,500, ìyẹn ni ẹni náà á máa jẹ lójúmọ́. 500 lọ́nà 7 jẹ́ 3,500, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kílò ọ̀rá lọ́sẹ̀ kan. Ẹ lè ní ó kéré. Àmọ́ ẹni tó wọn kílò 90, tó dín kílò mẹ́rin àbọ̀ kù láàárín oṣù mẹ́ta, ìdá 5 nínú 100 ara rẹ̀ ló dín kù yẹn. Ìyẹn náà tó láti mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rọlẹ̀ díẹ̀. Bí ara bá sì ti ń fúyẹ́, iye tó ń ná á máa dín kù. Bí ìwọ̀n bá wá dúró sójú kan, ẹ má bínú, ẹ tún ìṣirò ṣe.

Níbo la ó ti yọ 500 láìfebi pa ara wa? Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50cl kan lè ní 200 kálórì. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò. Ẹ fi omi rọ́pò rẹ̀. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan epo pupa tàbí òróró ní bíi 120. Ẹ yọ ṣíbí kan kúrò nínú tiyín. Gàrí gbígbẹ, gíráàmù 100 rẹ̀ tó bíi 350. Ìwọ̀n wà lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja yìnyín wa, ẹ lọ wọn gàrí tí ẹ fi ń tẹ ẹ̀bà alẹ́. Bó bá jẹ́ gíráàmù 200, ẹ sọ ọ́ di 130; bíi 245 ti lọ nìyẹn. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó di 565. A ò sì tíì fọwọ́ kan ẹja, ẹ̀wà, ṣọkọ, ilá tàbí ewédú tó ń jẹ́ kí ikùn kún. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan tí à ń jẹ bí a ti ń dúró de oníbàárà náà lè ní 170. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o. Àwìn tí a kò kọ la máa ń gbàgbé.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ sísàlẹ̀ 1,200 láìjẹ́ pé dókítà ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kó kọ́kọ́ rí dókítà, torí bí oúnjẹ bá dín tí oògùn ò dín, ṣúgà lè lọ sílẹ̀ jù kó sì dákú. Ẹni tí kò sanra jù, kó má tìtorí aṣọ ẹbí fìyà jẹ ara ẹ̀. Ẹ fi téèpù aránṣọ yí ikùn ká. Bó bá ju bí ínǹṣì 35 lọ, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

A mọ ohun táwọn kan máa wí. Bí obìnrin bá fọn, wọ́n á ní ọjà ò tà, wọ́n á ní ọkọ ò tọ́jú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá dá jókòó sílé, ta ni yóò bá a ṣí ìsọ̀?

Ohun mẹ́ta la ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí omi wà lórí tábìlì nípàdé, bí ẹlẹ́rìndòdò bá tiẹ̀ wà. Kí ẹgbẹ́ ra ìwọ̀n ara kan sí ọ́fíìsì, kí kálukú máa gùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó kọ tirẹ̀ sínú ìwé ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀kẹta ló le jù: kí á má gba àgbo amúkùnwálẹ̀ yẹn láyè mọ́ nínú ọjà wa. A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ló ń tà á, a ò sì fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ọjà mìíràn pọ̀ tí wọ́n lè tà, tí kò ní gbé ọmọ ẹgbẹ́ wa ṣubú.

Ọjọ́ kan kọ́ la fi sanra, ọjọ́ kan kọ́ la ó fi fúyẹ́. Ọlọ́run á fún wa ní àlàáfíà tí a ó fi jèrè iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín o.