Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí I

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kan gbogbo ilé, nítorí kò sí ilé tí àìsàn kì í yà. Ọ̀rọ̀ nípa ìwé kékeré kan ni, èyí tí nọ́ọ̀sì máa ń gbé wá síwájú aláìsàn kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un: “Ẹ fọwọ́ sí i níbí.” Ọ̀pọ̀ wa ló ń fọwọ́ sí i láìkà á. Àwọn ìyá wa tí kò kàwé a tẹ àtàǹpàkò, ó parí.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba bíi tèmi mọ ohun tí fọ́ọ̀mù ń ṣe. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di wàhálà, fáìlì ni wọ́n máa ṣí, orúkọ yín ni wọ́n sì máa fi hàn yín. Nítorí náà, ẹ mọ ohun tí òfin fún yín.

Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ti ọdún 2014, sọ ọ́ kedere ní abala 23. Ó ní kí oníṣègùn sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn fún un, àyàfi bí ẹ̀rí gidi bá wà pé gbígbọ́ rẹ̀ yóò pa á lára. Kí ó sọ irú àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó wà, àǹfààní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ewu rẹ̀, iye owó rẹ̀ àti ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Kí ó sọ fún un pẹ̀lú pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú náà, kí ó sì ṣàlàyé ohun tí kíkọ̀ lè fà. Níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tó yé aláìsàn ni kí ó fi sọ ọ́. Bí dókítà bá ń da Gẹ̀ẹ́sì bo Màmá yín, kì í ṣe àrífín láti sọ pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa fi Yorùbá sọ ọ́.”

Ohun tí ojú ti rí ló fà á tí irú òfin báyìí fi ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1996, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní meningitis ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà wá dán oògùn Trovan wò níbẹ̀. Nǹkan bí 100 ọmọdé ni wọ́n fún ní Trovan, wọ́n sì fún nǹkan bí 100 mìíràn ní oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ló kú nínú gbogbo wọn. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n, àti pé àwọn òbí fi ẹnu gbà á. Àwọn òbí kan ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ní 2009, Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti parí ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Kano pè é. Ẹ ronú nípa ìyá tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń jó bí iná dé ibẹ̀. Ìbéèrè wo ló fẹ́ rántí bí kò bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun lè béèrè?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wá jù ni yàrá ìrọbí. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbẹ̀bí. Aboyún ti gbà. Wọ́n ní kí wọ́n dúró de ọkọ. Ọkọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ìyá ọkọ ní ẹnìkan kì í fi abẹ bímọ nílé àwọn. Arábìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì ní bí àwọn obìnrin Hébérù ni kó ṣe bí i. Wákàtí ń lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ta ló dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì? Bí ẹni tó ń gba ìtọ́jú bá jẹ́ àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé, òun ló ni ìpinnu. Ìgbà tí kò bá lè dá pinnu mọ́ ni ọ̀rọ̀ tó kan àwọn ẹbí rẹ̀. Kì í ṣe pásítọ̀ ló ni ìpinnu náà.

Pásítọ̀ ni mí, mo sì ń sọ ọ́. Iṣẹ́ wa ni kí a gbàdúrà, kí a bá yín dúró, kí a bá yín wá owó. Kì í ṣe iṣẹ́ wa láti ní kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru tàbí ẹni tó ní HIV da oògùn rẹ̀ nù. Wòlíì Aísáyà tó gbọ́ ohùn Ọlọ́run ló ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé eéwo Hesekáyà.

Ẹ̀tọ́ láti kọ̀ wà, ó sì wúwo. Ní ọdún 2001, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá dókítà kan láre, ẹni tí ìgbìmọ̀ oníṣègùn ti dá dúró fún oṣù 6. Aláìsàn rẹ̀, obìnrin kan, kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, dókítà bọ̀wọ̀ fún ìpinnu náà, obìnrin náà sì kú. Ẹ̀kọ́ wa lórí ẹ̀jẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń kọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ń sá kúrò ní ọsibítù láìmọ orúkọ ohun tí a sá fún.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ béèrè orúkọ àìsàn náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá dúró díẹ̀? Ṣé ọ̀nà mìíràn wà? Èló ni? Bí àyè bá wà, ẹ lọ gbọ́ tẹnu dókítà mìíràn. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi agbo tí ẹ ń mu pa mọ́ fún dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ sọ fún un bí ẹ bá ń gbààwẹ̀, pàápàá ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Tí ó bá jẹ́ pàjáwìrì ńkọ́? Abala 20 òfin kan náà kò gba ilé ìwòsàn láyè láti kọ ẹni tó wà nínú ewu ẹ̀mí nítorí owó tàbí nítorí ohunkóhun; ìtanràn rẹ̀ ni ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ kò ní lè sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún ọkọ, aya, tàbí ọmọ yín tó ti dàgbà báyìí, nígbà tí ara yín le, ohun tí ẹ fẹ́ àti ohun tí ẹ kò fẹ́.