Ẹni Tí Ó Ti Ilẹ̀kùn Kò Gbọdọ̀ Bèèrè Àlejò

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀rọ̀ kan ń jáde lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé kan, àti lẹ́nu díẹ̀ nínú àwọn ọmọ tiwa pàápàá, tí kò yẹ kí a dákẹ́ sí. Wọ́n ní iṣẹ́gun àwọn kólẹ́ẹ̀jì aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà nínú eré bọ́ọ̀lù láyé ọjọ́sí kò tó ohun tí a ń gbé gẹ̀gẹ̀, nítorí pé láàárín ara wọn nìkan ni wọ́n ti ń gbá a. Àwa kò gbà, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ní Grambling, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ó fi ìdí ilé-ẹ̀kọ́ kan múlẹ̀ ní 1901. Ní 1941, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22, Eddie Robinson, di olùkọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀. Kí ó tó dé ibẹ̀, ilé tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ ẹran ni ó ti ń ṣiṣẹ́, sẹ́ǹtì 25 ni owó rẹ̀ ní wákàtí kan. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń gé koríko pápá. Ní ọdún kìíní, ó borí lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ní ọdún kejì, 1942, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, wọ́n borí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ẹnikẹ́ni kò sì rí ayò kan ṣoṣo jẹ lára wọn. Ẹ rántí pé irú bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá nílẹ̀ wa. Àyà ni wọ́n fi ń kọ ara wọn, wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, ayò a sì máa pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1943 àti 1944, ogun kò jẹ́ kí wọ́n gbá a mọ́.

Wọ́n ní àwọn wo ni wọ́n borí? Àwa náà bèèrè: ta ni ó ti ilẹ̀kùn? Òfin àti àṣà Gúúsù Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí dúdú àti funfun jọ jókòó nílé ìjẹun kan, kí a má tilẹ̀ sọ ti pápá. Láti 1934 títí dé 1945, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù olówó-oṣù kò gba aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo. Bí àwọn dúdú bá gbá a láàárín ara wọn, ṣé àwọn funfun ti Gúúsù bá kólẹ́ẹ̀jì dúdú figagbága rí nígbà náà? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ pé iṣẹ́gun tiwọn náà kò pé? Òṣùwọ̀n kan náà ni kí a fi wọn ẹrù méjèèjì.

Nígbà tí ilẹ̀kùn sì ṣí díẹ̀, kí ni a rí? Ní 1949, Paul Younger láti Grambling wọ ẹgbẹ́ Los Angeles Rams, ẹni àkọ́kọ́ láti kólẹ́ẹ̀jì dúdú nínú ìdíje náà. Ní 1969, Florida A&M borí Yunifásítì Tampa, ayò 34 sí 28, nínú ìdíje àkọ́kọ́ láàárín kólẹ́ẹ̀jì dúdú àti ti funfun ní Gúúsù. Robinson fúnra rẹ̀ kọjá iṣẹ́gun 323 ti Bear Bryant ní 1985, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1997 pẹ̀lú 408. Síbẹ̀, wọ́n tún ní ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké ni ó borí. Ẹ̀rí wo ni ó kù?

Ọ̀tá lè sọ bẹ́ẹ̀. Kò yà wá lẹ́nu. Ohun tí ó dùn wá ni pé àwọn ọmọ adúláwọ̀ ń gbà á sọ. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn ńlá kò ka eré wọ̀nyí sí, àwọn ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú bíi Pittsburgh Courier ni ó kọ ọ́ sílẹ̀, tí ó sì ń yan aṣíwájú lọ́dọọdún. Bí kò bá sí wọn, a kì bá tí mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1942. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwa náà máa kọ tiwa sílẹ̀, kí a má sì dúró de ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn kí ó tó wá sọ fún wa bí ilé wa ti tóbi tó.