Ǹjẹ́ Kíka Bíbélì Tó Láìsí Ìgbọràn?

Bí a bá bi ọ́ nínú ìdánwò pé kí o sọ èrò rẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé ẹni tó bá ń ṣe ohun tí Ìwé Mímọ́ wí nìkan ni onígbàgbọ́ tòótọ́, má ṣe sáré kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní àríyànjiyàn nínú. Àríyànjiyàn wà níbẹ̀. Bí kò bá sí ni, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó kún dẹ́múdẹ́mú láti Èkó títí dé Ògbómọ̀ṣọ́ ì bá ti tún ọjà wa àti ọ́fíìsì wa ṣe tipẹ́tipẹ́. Èrò tèmi, tí n óò sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún ọ, ni pé kíka Bíbélì, híhá ẹsẹ rẹ̀ sórí, àti gbígbé e há abíyá lọ sí ìsìn kò tíì fi ẹnikẹ́ni hàn bí onígbàgbọ́. Ibi tí ìgbọràn bá ti fẹ́ ná ènìyàn ní nǹkan ni a ti ń mọ̀ ọ́n.

Kò sí ọmọ Yorùbá tó lè sọ pé òun kò gbọ́ èdè tí a fi kọ ọ́. Láti ọdún 1884 ni odindi Bíbélì ti wà ní èdè wa. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí àwọn akónilẹ́rú kó ní ọdún 1821, tó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, ni aṣíwájú àwọn tó ṣe iṣẹ́ ńlá náà. Àwọn baba wa tí kò mọ̀wé rí kọ́ A-B-D nítorí kí wọ́n lè kà á fúnra wọn. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a túmọ̀ sí èdè ẹni, tí a kò sì túmọ̀ sí ìwà, dà bí ìwé oògùn tí dókítà kọ fún aláìsàn, tí aláìsàn wá fi sábẹ́ ìrọ̀rí, tó sì sùn lé e lórí.

Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kóòtù wa. Òfin gbà kí ẹlẹ́rìí fi Bíbélì, Kùránì tàbí irin Ògún búra, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀ bá ti rí. Gbé Bíbélì fún ẹnìkan tó ń jẹ́ Jóṣúà tàbí Dèbórà, kíá ni yóò gbé e sókè, tí yóò sì búra pé òótọ́ pọ́ńbélé ni òun yóò sọ. Ní kó fi ẹnu kan irin, o óò rí i pé yóò kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Àwọn kan a máa fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀. Èmi kò rí ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé a ti ka sùúrù Ọlọ́run sí àìbìkítà. A gbà pé Ògún kì í fi nǹkan falẹ̀, a sì gbà pé Ọlọ́run yóò dárí jì wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn lè ka Bíbélì láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìwà rẹ̀ kò ní yí padà.

Jẹ́ kí a yà sí ọjà. Òfin tó wà nínú Léfítíkù orí 19 lórí ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n kò ṣòroó yé: má rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ nígbà tí o bá ń wọn nǹkan fún un. Deuterónómì orí 25 tún un sọ, ó ní kí ènìyàn má tilẹ̀ ní oríṣi òṣùwọ̀n méjì nílé. Ó dà bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ ti dé ọjà wa rí. Ìwọ náà mọ kóńgò tí a ti fi òòlù lu ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọnú, tó fi jẹ́ pé bí a bá fi wọn gààrí kóńgò mẹ́wàá fún ọ, kò ní pé mẹ́sàn-án bí o bá délé. Obìnrin tó ń lo kóńgò yìí lè jẹ́ ìyá ìjọ. Ọkùnrin tó bá a lu ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ọjọ́ Ìsinmi. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ẹsẹ Bíbélì. Wọ́n kàn gbà pé ti ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́tọ̀, ti ọjà wà lọ́tọ̀. Bí o bá bi wọ́n, wọn a ní gbogbo ọjà ló ń ṣe é.

N kò gbójú fo ìṣòro wọn. Ẹni tó bá ń lo kóńgò tó pé láàárín àwọn tó ń lo èyí tó wọnú, tó sì ń tà á ní iye kan náà, èrè tirẹ̀ yóò kéré sí tiwọn. Bó bá sì gbé owó lé e, oníbàárà tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àdánù gidi ni, kì í ṣe àdánù orí ahọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ibẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ ẹni tó gbàgbọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ìgbọràn tí mo ń sọ yìí léwu, nítorí àwọn alágbára ti fi Ìwé Mímọ́ tẹ àwọn aláìlágbára lórí ba rí. Òtítọ́ ni. Ní ọdún 1807, wọ́n tẹ Bíbélì kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìlò àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ní àwọn erékùṣù West Indies tó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yọ ìtàn bí Mósè ṣe kó àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jáde kúrò ní oko ẹrú, wọ́n sì fi ibi tí a ti ní kí ẹrú gbọ́ràn sí olówó rẹ̀ lẹ́nu síbẹ̀. Wò ó dáadáa: àwọn tó ṣe èyí kò gbọ́ràn sí Ìwé Mímọ́, ṣe ni wọ́n gé e títí tó fi bá ìfẹ́ inú wọn mu. Mo fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí ìwé yìí, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ní irú rẹ̀ nílé. A kò lo ọ̀bẹ ni. Ọlọ́jà ti gé Léfítíkù orí 19 kúrò nínú tirẹ̀. Ọ̀gá tó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lówó oṣù mẹ́ta, tó wá ra ọkọ̀ tuntun, ti fo Jákọ́bù orí 5. Ọkọ tó ń lu ìyàwó rẹ̀ mọ ibi tí a ti ní kí aya tẹrí ba fún ọkọ. Kò mọ ohun tí a ní kí ọkọ ṣe fún aya, bẹ́ẹ̀ ojú ewé kan náà ni wọ́n wà.

Àwọn mìíràn yóò ní ìgbàgbọ́ ni ń gbani là, kì í ṣe iṣẹ́, nítorí náà kí a yé da ara wa láàmú. Kò sí ẹni tó lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ra ìgbàlà, n kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Jésù pa òwe baba kan tó ní kí ọmọ rẹ̀ méjì lọ ṣiṣẹ́ nínú ọgbà àjàrà. Ó wà nínú Mátíù orí 21. Ọ̀kan ní òun kò lọ, ó tún ronú, ó lọ. Èkejì dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ Yorùbá, kò sì débẹ̀. Jésù kò bèèrè èwo nínú wọn ni ẹnu rẹ̀ dùn jù. Ó bèèrè èwo ló ṣe ohun tí baba ń fẹ́.

Àwọn kan tilẹ̀ ń fi ẹ̀sìn sá fún ìgbọràn. Ní Máàkù orí 7, Jésù bá àwọn àgbà ẹ̀sìn wí nítorí wọ́n gbà kí ènìyàn sọ pé ohun tí òun ì bá fi tọ́jú bàbá àti ìyá òun ti di ti Ọlọ́run. Lónìí ẹnìkan lè dìde níbi ìkórè, kó jẹ́jẹ̀ẹ́ owó ńlá, kí àtẹ́wọ́ máa ró wàá-wàá, kí ìyá rẹ̀ ní abúlé sì máa yá gààrí jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kò fẹ́ àlàyé púpọ̀.

Títí di ìsinsìnyí, ó ṣeé ṣe kí o máa mi orí, nítorí ọlọ́jà àti ọ̀gá iléeṣẹ́ ni mo ń bá wí. Jẹ́ kí n wá sọ́dọ̀ rẹ. Ìwọ kò ní kóńgò, o kò sì ní òṣìṣẹ́. Ibi tí ìgbọràn yóò ti ná ọ ní nǹkan ní ọdún yìí ni gbọ̀ngàn ìdánwò. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1977, ìbéèrè ìdánwò WAEC jò káàkiri Nàìjíríà, àwọn ènìyàn sì pè é ní Expo 77. Orúkọ yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ títí di òní. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun ṣe òfin tó lè rán ẹni tó bá ṣe màgòmágó nínú ìdánwò lọ sẹ́wọ̀n ọdún 21. Òfin mìíràn dé ní ọdún 1999, ó dín ẹ̀wọ̀n náà kù, ó sì fi owó ìtanràn kún un. Síbẹ̀, a ní àwọn iléèwé tí a ń pè ní míráàkù sẹ́ńtà, níbi tí òbí ti ń sanwó kí olùkọ́ lè kọ ìdáhùn sójú pátákó. Ronú sí orúkọ yẹn. Orúkọ tí a fi ń pe lílà ojú afọ́jú ni a mú, tí a fi sọ olè jíjà!

Mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ohun tó lé ní ọdún 30, mo sì ti ṣe alábòójútó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò púpọ̀. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó di ojú, tó gbàdúrà, tó ṣe àmín, kó tó yọ bébà kékeré láti inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Kò ka àdúrà rẹ̀ sí ẹ̀tàn. Ó gbàgbọ́ pé Ọlọ́run yóò bo òun. Irú ìgbàgbọ́ tí mo ń bá jà gan-an nìyẹn, èyí tó ń bẹ Ọlọ́run kó ran ènìyàn lọ́wọ́ láti ṣe ohun tí Ọlọ́run kọ̀. Tún wo orúkọ tí a ń pe ohun tí o ń wá: ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀rí ni yóò máa jẹ́ fún ọ níbikíbi tí o bá mú un dé. Bí ó bá sọ pé o mọ ìṣirò, tí o kò sì mọ̀ ọ́n, ẹ̀rí èké ni, kò sì ní yé jẹ́ ẹ títí tí o óò fi fẹ̀yìn tì.

Ibi tó le jù nìyí. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá rẹ gan-an ni wọ́n san owó náà ńkọ́? Òfin ní kí o bọ̀wọ̀ fún wọn. Bóyá wọ́n ti ta aṣọ nítorí rẹ̀, tàbí kí wọ́n ti gba èsúsú wọn ṣáájú ọjọ́. Má ṣe fi Bíbélì gbá wọn lẹ́nu. Ọmọ tó bá ń sọ ẹsẹ Bíbélì lu òbí rẹ̀ bí òkò ti rú òfin mìíràn. Kúnlẹ̀, tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ bí o bá jẹ́ ọkùnrin, kí o sì sọ pé: “Màámi, ẹ ṣeun, mo mọ̀ pé nítorí mi ni. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀nba tí mo mọ̀ ṣe é.” Bí wọ́n bá bínú, fara dà á. Nígbà tí Pétérù àti Jòhánù dúró níwájú ìgbìmọ̀, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 4, wọn kò bú àwọn àgbà náà, wọn kò sì yí ohùn padà.

N kò ní tàn ọ́. Ẹni tó kọ̀ láti ra ìdáhùn lè gba máàkì tó kéré sí ti ẹni tó rà á. Mo mọ àwọn tó jókòó sílé fún odidi ọdún kan kí wọ́n tó tún ìdánwò ṣe, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ti wà ní yunifásítì. Àwọn oníwàásù kan yóò sọ fún ọ pé Ọlọ́run yóò san án fún ọ ní ìlọ́po méje kí ọdún tó parí. Èmi kò rí ibi tí Bíbélì ti ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lórí ìdánwò. Ohun tí mo rí nínú ìtàn ilé méjì ní Mátíù orí 7 ni pé òjò rọ̀ lé àwọn méjèèjì. Ẹni tó gbọ́ tó sì ṣe é kò bọ́ lọ́wọ́ òjò. Ilé rẹ̀ ni kò wó.

Bí o bá sì ti jí ìdáhùn wò tẹ́lẹ̀ ńkọ́, bóyá nínú ìdánwò tó gbé ọ dé kíláàsì àgbà? Sákéù agbowó-orí, nínú Lúùkù orí 19, dìde fúnra rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni tí òun bá ti rẹ́ jẹ, ìlọ́po mẹ́rin ni òun yóò dá padà fún un. Kò dúró de ẹni tí yóò ka òfin sí òun létí. Máàkì kò ṣeé dá padà bí owó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí o kò mọ̀ ṣeé kọ́. Gbé ìwé ìṣirò kíláàsì kẹta, bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé tí o ti fò, kí o sì bẹ olùkọ́ rẹ kí wọ́n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n bi ọ́ ìdí tí ọmọ kíláàsì kẹfà fi ń ṣe iṣẹ́ kíláàsì kẹta. Sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.